Omi ló jẹ mọ́tò mi látinú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ wàhálà mọ́tò àtijọ́ yín, ẹ jẹ́ n sọ tèmi o. Mazda MX-5 ti 1991 ni mo ní, ẹ́ńjìnnì 1.6, èyí tí iná iwájú ẹ̀ máa ń yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. London níbí, ìyàwó mi ní kí n ra mọ́tò tó máa gba ọmọ mẹ́ta, èmi lọ gbé oníjókòó méjì wálé 😂

Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò yọ mí lẹ́nu, tẹ́ ẹ bá ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ó parí. Ìpẹtà ló fẹ́ gba ẹ̀mí mi. Ọdún kẹta tí mo rà á, mo gbé e lọ fún MOT, àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe fún mọ́tò lọ́dọọdún níbí, ọ̀gbẹ́ni tó ń yẹ abẹ́ ẹ̀ wò ń fi irin kékeré kan kàn án lábẹ́ ilẹ̀kùn, kó, kó, kó, ó sún sẹ́yìn díẹ̀ síbi táyà ẹ̀yìn, kò dún kó mọ́, pùù ló dún, irin yẹn sì wọlé lọ. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn wo ojú mi. Bẹ́ẹ̀ níta, ọ̀dà ń dán o!

Ṣé ẹ rí ẹ̀yìn síìtì, níbi tí òrùlé aláṣọ yẹn ti pàdé bọ́dì, ihò kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà sọ̀kalẹ̀. Tí ewé bá ti dí i, omi á wábi gbà wọnú irin abẹ́ ilẹ̀kùn, á dúró síbẹ̀ máa jẹ ẹ́. Owó tí wẹ́dà gbà, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́, ìyàwó mi wà níbí. Ní báyìí tí ewé bá ti ń wọ́, màá da omi kọ́ọ̀pù kan síbẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò bóyá ó ń jáde. Aládùúgbò mi rò pé ètùtù ni mò ń ṣe.

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ń gbádùn jàre. Toyota Celica 1991 ni tèmi, Surulere. Iná tèmi náà ń yọjú, àmọ́ ọ̀tún nìkan ló ń jí, tòsì á máa sùn lọ. Ọlọ́pàá dá mi dúró lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní ṣé mò ń ṣẹ́jú sóun ni 😭 Ríwáyà mẹ́ta ló ti gé wáyà ibẹ̀, ìkan ò mọ ohun tí èkejì ṣe.

— Àbúrò, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wo ẹ̀yìn iná yẹn, rọ́bà dúdú kékeré kan wà lórí ẹ̀rọ tó ń gbé e sókè, tú u, nǹkan roboto tó ṣeé fọwọ́ yí kí iná náà lè gòkè wà lábẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yọ fíúsì ẹ̀ o, kó má lọ jí lójijì gé ẹ lọ́wọ́.