"Alábàárìn" kò tó chaperone túmọ̀

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká pe chaperone inú ìmọ̀ ìṣègùn ní "alábàárìn", ká sì lò ó fún méjèèjì: purotéènì tó ń ran purotéènì mìíràn lọ́wọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, àti ẹni tó ń dúró sí yàrá nígbà tí dókítà bá ń yẹ ara aláìsàn wò. Ẹni tó mú àbá náà wá ní orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún wọn, kí ló wá ń dí Yorùbá lọ́wọ́? Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọwọ́ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ náà, ìbòrí ló jẹ́ níbẹ̀ kó tó di àgbà obìnrin tó ń tẹ̀ lé ọmọge lọ sóde. Ìtàn yẹn ló so méjèèjì pọ̀ fún wọn. Àwa ò ní in, iṣẹ́ ọwọ́ kálukú ló yẹ ká wò.

Ẹ jẹ́ ká ti inú sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Ní 1978, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ron Laskey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ Xenopus. Bí DNA àti histone (purotéènì tí DNA máa ń wé mọ́ lára) bá kàn pàdé ara wọn lásán, ńṣe ni wọ́n máa ń dì pọ̀ jákujàku. Ṣùgbọ́n bí purotéènì kan tó ń jẹ́ nucleoplasmin bá wà níbẹ̀, á di histone mú, kò ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ohun tí kò yẹ, á fà á lé DNA lọ́wọ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kì í sí lára ohun tí wọ́n tò parí. Laskey ló fún un lórúkọ chaperone. Ní 1987, onímọ̀ mìíràn, John Ellis, wá fẹ ìtumọ̀ náà lójú kó lè gba àwọn purotéènì mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ẹnì kan ní kí ló dé tí a ò pè é ní "alárinà", nígbà tó jẹ́ pé bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ, alárinà a yẹ̀bá. Ó dùn létí, ó sì bá nucleoplasmin mu rẹ́gí. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ chaperone kò ní ọkọ, kò ní ìyàwó. Ẹ wo GroEL, chaperone kan inú bakitéríà: òrùka méjì tó gun ara wọn, ẹyọ méje-méje nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Purotéènì tuntun tí kò tíì ká dáadáa, ìyẹn ni pé kò tíì ní ìrísí tó yẹ kó ní, á wọ ihò àárín rẹ̀, purotéènì kejì tó ń jẹ́ GroES á dé e lórí bí ìdérí, a ó ná ATP, ohun tó ń fún sẹ́ẹ̀lì lágbára, lẹ́yìn náà ìdérí á ṣí, ẹni tó wọlé á jáde. Òun nìkan ló wà níbẹ̀; ta ni alárinà ń fà á lé lọ́wọ́?

"Akápurotéènì" tí àwọn mìíràn dábàá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí irọ́ ló ń pa. GroEL kọ́ ló ń pinnu bí purotéènì ṣe máa rí. Christian Anfinsen, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1972, ló fi hàn pé inú bí àwọn amínò ásíìdì, ẹyọ tí a fi kọ́ purotéènì, ṣe tò tẹ̀ léra ni àwòrán náà wà. Chaperone kàn ń gbà á sọ́dọ̀ kí àwọn mìíràn má baà lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "purotéènì alágbàtọ́": alágbàtọ́ kọ́ ló bí ọmọ, kò sì yí ìran rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ tó dáa máa ń bímọ. Oògùn kan wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó ń jẹ́ migalastat, fún àìsàn àjogúnbá kan tó ń jẹ́ Fabry. Ó máa ń di énsáìmù (purotéènì tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá) tó ti ya aláìlera mú kó lè dé ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo àyípadà inú jíìnì ló ń gbọ́ tirẹ̀. "Oògùn alágbàtọ́" ṣe é gbọ́. "Oògùn alábàárìn" dà bí èyí tí wọ́n ń lò mọ́ òmíràn. "Oògùn alárinà" ńkọ́? Oògùn ìfẹ́ ni gbogbo ayé máa pè é.

Yàrá àyẹ̀wò ni "alábàárìn" ti wá kùnà pátápátá. Ta là ń pè bẹ́ẹ̀? Ẹni tó sin aláìsàn wá ni: ìyá, ọkọ, ọ̀rẹ́. Ìlànà tí GMC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ dókítà ní Bìrìtéènì, gbé jáde ní 2013 sì sọ pé ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ kì í ṣe ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, nítorí náà kì í sábà yẹ fún iṣẹ́ yìí. Aláìsàn lè ní kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tí à ń wí gbọ́dọ̀ mọ bí àyẹ̀wò náà ṣe ń lọ, kó dúró dópin, kó sì wà níbi tí ojú rẹ̀ ti tó ọwọ́ dókítà. Ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì kò rí nǹkan kan.

"Adúrótini" náà ti gbè sẹ́yìn aláìsàn jù. "Ẹlẹ́rìí ìyẹ̀wò" ni mo fara mọ́. Wọ́n ní ó ń rùn bí ilé ẹjọ́, pé yóò dẹ́rù ba aláìsàn. Kò sẹ́ni tó ní ká sọ ọ́ sí i létí, "Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹnì kan dúró tì yín?" ti tó lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Inú fáìlì ni orúkọ náà wúlò sí, torí dókítà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, bí aláìsàn bá sì ní òun ò fẹ́, kó kọ ìyẹn náà. "Aláìsàn kọ ẹlẹ́rìí ìyẹ̀wò" yé èèyàn. Ẹ wá kọ "aláìsàn kọ alábàárìn rẹ̀" síbẹ̀, kí ẹ wo bóyá nọ́ọ̀sì tó bá kà á kò ní rò pé ìgbéyàwó ló tú ká.