Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: aró búlúù àti òróró fún gìtá tí mò ń tò fúnra mi

OlókùnMẹ́fà (Leeds)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ra gìtá oníná kan tó wá ní ẹyọ-ẹyọ nínú páálí, èmi ni màá tò ó pọ̀. Irú Telecaster ni. Basswood ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n wá lẹ fíníà maple (awẹ́ igi fẹ́lẹ́) mọ́ ojú rẹ̀, èyí tí iṣan rẹ̀ ń yí bí ojú odò tí atẹ́gùn ń fẹ́. Maple ni ọrùn rẹ̀, rosewood ni ibi tí ìka ń tẹ̀. Wọn ò fi ọ̀dà kankan kùn ún.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí etí rẹ̀ dúdú bí ẹ̀lú, kó máa mọ́ lọ sí búlúù láàárín, kí n sì máa rí iṣan igi. Mi ò fẹ́ kó máa kọ mànà bíi dígí. Òróró ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀, kí n lè mọ̀ lọ́wọ́ pé igi ni mo dì mú. Yàrá kan ni mò ń gbé, mi ò ní gáréèjì, mi ò lè fọ́n ọ̀dà. Wọ́n ti pe Tru-Oil fún mi, wọ́n pe Danish oil, tung oil, linseed, gbogbo ẹ̀ ti dàrú mọ́ mi lórí. £30 ni mo yà sọ́tọ̀. Kí ni kí n rà, kí sì ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

ỌmọGbẹ́nàgbẹ́nà (Ìbàdàn)

Àbúrò, kú iṣẹ́. Má tíì ra òróró kankan.

Kọ́kọ́ to gìtá yẹn pọ̀ báyìí láìkùn ún. De ọrùn mọ́ ara, wò ó bóyá ó wọlé dáadáa, wò ó bóyá bridge (irin tí okùn ń jókòó lé) bọ́ sí ọ̀gangan rẹ̀, kó o sì lu gbogbo ihò síkírúù tó kù. Bí ẹnu drill bá yọ̀ lára igi tí kò tíì ní àwọ̀, sáńpépà á pa á rẹ́. Bó bá yọ̀ lẹ́yìn tó o ti kùn ún tán, ojú ẹ á rí nǹkan. Lẹ́yìn náà, tú u. Wá igi pẹlẹbẹ kan, fi síkírúù dè é mọ́ kòtò tí ọrùn ń wọ̀. Òun ni wàá máa dì mú tó o bá ń kùn ún, òun náà ni wàá fi gbé e kọ́. Má jẹ́ kí òróró wọ inú kòtò yẹn, torí ó lè má gba ọrùn mọ́.

Sáńpépà (bí nọ́ńbà bá ṣe ga ló ṣe ń kúnná): 120 níbi tó bá ti ní ọgbẹ́, lẹ́yìn náà 180, lẹ́yìn náà 220, ó parí. Àwọn kan á ní kó o bá a dé 400. Má dá wọn lóhùn, igi tó bá ti dán jù kì í mu aró mọ́. Bí iṣan igi bá ṣe lọ ni kó o ṣe máa ha á, má dábùú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú fíníà yẹn, rọra o! Kò nípọn tó mílímítà kan. Mo ti ha fíníà dé ìdí rí, lórí kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà, torí ààmì pẹ́ńsù kékeré kan tí mo fẹ́ pa rẹ́. Ibi tí mo ha yẹn là bí ojú apá. Owó ara mi ni mo fi ra fíníà míì. Ní ojú gìtá ẹ, 220 nìkan, ọwọ́ fúyẹ́, ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin.

Tó o bá ti ha á tán, fi àkísà tútù nù ún, kó o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wàá rí i pé ara rẹ̀ á yọ irun wẹ́wẹ́. Fi 220 tó ti gbó gé irun yẹn kúrò. Tó ò bá fi omi lásán yọ ọ́ nísinsìnyí, aró olómi ló máa bá ẹ yọ ọ́, ẹ̀pa ò sì ní bóró mọ́.

ÌyáAláró (Abẹ́òkúta)

Ọmọ mi, èmi ò mọ gìtá o, aró ni mo mọ̀. Àbígbẹ̀yìn mi tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí, mo ní kó bá mi tẹ èyí.

Ní Ìtòkú níbí, tá a bá ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ la fi ń ya ọnà sára aṣọ ká tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní dé ibẹ̀. Ṣé gúlù ni wọ́n fi lẹ pátákó yẹn? Tí gúlù bá jò gba ojú rẹ̀ jáde, ẹ̀kọ ni yẹn, àmọ́ ẹ̀kọ tí kò mọ ọnà yà. Wá a kó o tó rẹ ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, má wá dúdú lójú kan náà. A máa ń rì í, a máa ń yọ ọ́, á gba atẹ́gùn, a tún rì í. Tó o bá fẹ́ kó dúdú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó máa rí ṣákaṣàka ni.

ỌmọGbẹ́nàgbẹ́nà (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, Màámi. Ẹ là á yé wa dáadáa.

Àbúrò, bó o ṣe máa rí gúlù nìyí: fi omi kán gbogbo ojú rẹ̀. Níbi tí igi bá wà ní ìhòòhò, omi á wọlé, ibẹ̀ á sì ṣú. Níbi tó bá ti dúró kóróbótó bí ìrì lórí ewé kókò, gúlù ni, tàbí kẹ́míkà tí wọ́n ti fọ́n sí i kí wọ́n tó dì í. Sáńpépà ló ń mú un kúrò, pẹ̀lú sùúrù.

Aró tó yẹ ẹ́ ni èyí tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pò. Èyí tí wọ́n ń fi spírítì pò dára, ṣùgbọ́n ó ń yára gbẹ. Kó o tó kun apá ọ̀tún tán, tòsì ti gbẹ, ààmì á wá hàn níbi tí méjèèjì ti pàdé. Olómi á fún ẹ láyè.

Fi dúdú ṣáájú. Nu ún káàkiri ojú maple, jẹ́ kó gbẹ, kó o wá fi 220 rọra ha á kúrò. Dúdú yẹn á kúrò lórí, á sì kù sínú iṣan tó ń yí bí omi yẹn. Lẹ́yìn náà, fi búlúù tó mọ́ kun gbogbo rẹ̀. Kó tó gbẹ, fi búlúù tó ṣú yí etí rẹ̀ ká, kó o mú àkísà tó ní omi lásán, máa fi nù ún láti etí wá sí àárín títí ojú ò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Ẹ̀yìn rẹ̀ tó jẹ́ basswood máa ń mu aró ní àbàwọ́n-àbàwọ́n. Etí ibi tí wọ́n ti gé igi ní ìdábùú sì ń mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Èmi ì bá kun ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ní dúdú pátá, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

TáyéOnífánííṣì (Muṣin)

Ẹ má bínú, ṣé òróró ni ẹ fẹ́ fi dáàbò bo gìtá? Òógùn nìkan ń bọ̀ wá jẹ ẹ́. Brian May, onígìtá ẹgbẹ́ Queen, àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn ṣe gìtá rẹ̀ ní 1963, igi ẹnu ibi ìdáná àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ọrùn ẹ̀, ó ṣì ń ta á títí di òní. Kì í ṣe òróró ló wà lára ẹ̀ o, Rustins Plastic Coating, fánííṣì líle kan, ni wọ́n fi bò ó. Ẹ lo nǹkan tó le!

BàbáÌbejì_Houston

Táyé, o ò parọ́, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní yàrá kan ni òun ń gbé. Ohun tó le ní òórùn, eruku sì ń bà á jẹ́ kó tó gbẹ. Tí òróró bá ṣá lójú kan, ibẹ̀ nìkan ni wàá tún nù. Mo ti tò mẹ́ta, òróró ni gbogbo wọn.

Linseed tútù, gbàgbé ẹ̀, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní boiled linseed, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ: tọjà òde òní, wọn ò sè é, èròjà tó ń mú un yá gbẹ ni wọ́n pò mọ́ ọn. Tung oil wá láti inú èso igi kan ní Ṣáínà, kì í jẹ́ kí omi wọlé, ṣùgbọ́n ojúlówó rẹ̀ náà ń fẹ́ sùúrù. Danish oil jẹ́ àpòpọ̀ òróró, fánííṣì àti ohun tó ń là á, kò ṣòro lò. Tru-Oil, ìdí ìbọn ni wọ́n ṣe é fún. Tó o bá ń fi í lé ara wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń ní ara díẹ̀díẹ̀. Lójú tèmi, Tru-Oil ni kó o rà, ìgò kékeré kan á tó ara àti ọrùn. Fi tépù bo rosewood kó o tó kan ọrùn.

Fi àkísà tí kì í ya irun nù ún fẹ́lẹ́, duro di ọjọ́ kejì, tún nù ún. Má ha ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́ rárá, torí etí gìtá ni àwọ̀ ti ń kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè fi kànrìnkàn onírin 0000 fọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ra á. Pickup (ohun tó ń gbé ohùn okùn) ò gbọ́dọ̀ sí nítòsí o! Oofà wà nínú wọn, wẹ́wẹ́ irin yẹn á lọ lẹ̀ mọ́ ọn, o ò sì ní yọ ọ́ tán.

Nǹkan méjì ṣẹ́kù. Gbogbo òróró yìí ló ní àwọ̀ oyin. Oyin lórí búlúù, ewéko ni. Dán an wò lábẹ́ ibi tí irin bridge máa bò, aró àti òróró pa pọ̀, kó o tó kun gbogbo rẹ̀. Tó bá ti ń fà sí ewé, kán àwọ̀ àlùkò díẹ̀ sínú búlúù ẹ.

Èkejì ni àkísà. Nígbà kan, nínú oṣù kẹjọ, mo rún tèmi jọ sínú garawa oníke ní gáréèjì, mo wọlé lọ jẹun. Òórùn kan ló pe mí jáde. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń mu sìgá, àmọ́ èéfín ń rú, nígbà tí mo sì fi igi tú u, àárín rẹ̀ ti dúdú. Òróró yìí ń mú ooru jáde bó ṣe ń gbẹ. Tí àkísà bá rún jọ, ooru ò ríbi gbà. Tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kó o rì í sínú omi nínú agolo tó ní ìdérí. Má sùn sínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ní rírún.

OlókùnMẹ́fà (Leeds)

Ẹ kú àánú mi o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Omi bá mi rí gúlù ní ojú méjì. Ọ̀kan kúrò. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwo gìtá, mo sì ti rí i pé fíníà ń tán lọ, mo bá fi í sílẹ̀. Ó funfun tó èékánná ọmọdé. Màámi, ẹ̀kọ tí kò mọ ọnà yà nìyẹn lóòótọ́.

Bàbá Ìbejì, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Lábẹ́ bridge, búlúù mi di ewé ẹ̀fọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo kán àlùkò díẹ̀ sí i, ó ṣì ń fà sí ewé, mo tún kán an, ìgbà yẹn ló tó jókòó. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí aró gbẹ, torí ńṣe ló rí bí eérú, kò dùn ún wò rárá. Ìpele òróró àkọ́kọ́ ló jí i: mo nu ún láti ọrùn lọ sí ìdí, iṣan maple sì ń dìde tẹ̀lé ọwọ́ mi. Mo pe màmá mi lórí fídíò láago mọ́kànlá alẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n ní ó dára, ṣé mo ti jẹun.

Ìpele keje ni mo wà. Ọjọ́ mélòó ni kí n fi sílẹ̀ kí n tó wọ okùn sí i?

BàbáÌbejì_Houston

Parí mẹ́jọ, kó o fi ọ̀sẹ̀ méjì gbé e kọ́. Mo mọ̀ pé ara ń yún ẹ́, àmọ́ tó o bá gbé e lé itan báyìí, ìlà ṣòkòtò ẹ ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Àkísà ńkọ́?

OlókùnMẹ́fà (Leeds)

Wọ́n wà lórí okùn aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo tẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, búlúù, dúdú, búlúù. Ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ bi mí lánàá bóyá mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ aṣọ tà.