Kí ló dé tí g tèmi kì í jẹ́ 9.8?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ mọ fisíìsì, ẹ gbà mí. Mò ń wá g, ìyẹn ìwọ̀n bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan, 9.8 ló sì yẹ kó jẹ́. SS2 ni mo wà, n'Ìkéré-Èkìtì. Mo fi òwú so àgádágodo kékeré kọ́ ìṣó lẹ́nu ilẹ̀kùn, òun ni pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù mi. Láti ìdí ìṣó dé àárín àgádágodo jẹ́ sẹ́ńtímítà 50. Ó fì nígbà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 27.0. Mo fi 4π²L/T² ṣírò rẹ̀ (L ni gígùn yẹn ní mítà, T ni ìṣẹ́jú-àáyá tí ìfì kan gbà), g já sí 10.8. Mo sọ òwú di mítà 1, ó gba 38.2. 10.8 kan náà!

Mo ti pa fáànù, mo tún òwú so, n kì í jẹ́ kó fì jìnnà. Ká ní ó ń yí padà ni, ǹ bá ní ọwọ́ wa ló ń gbọ̀n. Tísà wa ní kí n ṣáà kọ 9.8 sílẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Báyìí la ṣe ń kà á: bí mo bá ti jù ú sílẹ̀, mo pe “ení”, àbúrò mi tẹ aago fóònù, tó bá padà wá, “èjì”, títí dé “ogún”, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ṣé kíkà yìí ni mo ti ṣì í ni, àbí ìwọ̀n òwú? Báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀?