Ohun tójú wa rí lọ́wọ́ akọ̀ròyìn níbi àpéjọ Worldcon

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Worldcon, àpéjọ àgbáyé àwa tá a fẹ́ràn ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, wá sí Glasgow tí mò ń gbé, láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 12. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi, mo lọ jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń pín káàdì ọrùn. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wa o. Látorí alága dórí ẹni tó ń júwe ọ̀nà, ńṣe la yọ̀ǹda ara wa.

Akọ̀ròyìn kan dé pẹ̀lú ayàwòrán. Ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àwọn tó múra bí ẹ̀dá abàmì dà?" Mo ní wọ́n wà, ṣùgbọ́n nínú yàrá tó wà lẹ́yìn mi yìí, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ kan ń bá èrò sọ̀rọ̀, àwọn kan sì wà lórí ìdúró nítorí àga ti tán. Mo ní tó bá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n máa fún àwọn òǹkọ̀wé ní ẹ̀bùn Hugo, tí wọ́n kọ́kọ́ fún èèyàn ní 1953, ìbò àwa ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ń pinnu ẹni tó máa gbà á. Ó ń mi orí. Mo wo bírò ọwọ́ rẹ̀: ìdérí ṣì wà lórí rẹ̀. Ìgbà tí bàbá kan tó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ojú kọjá ló tó ṣí i.

Lọ́jọ́ kejì, ojú bàbá yẹn ló gba gbogbo ojú ìwé. Wọ́n ní àwọn ará inú ìràwọ̀ ti balẹ̀ sí Glasgow. Hugo ò sí níbẹ̀, òǹkọ̀wé kankan ò sí níbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé tíṣà físíìsì ni bàbá náà, oṣù mẹ́rin ló fi rán aṣọ yẹn, wọn ò sì bi í léèrè ohunkóhun. Ẹni tó lọ sóde ìyàwó, tó wá ń ròyìn gèlè nìkan, ṣé kò yẹ kó tiẹ̀ béèrè ẹni tó wé e?

—

Àǹtí, ẹ kú ìrójú. Tèmi ṣẹlẹ̀ níbi Worldcon tí wọ́n ṣe ní ExCeL, gbọ̀ngàn àpéjọ ńlá kan ní London, lọ́dún 2014. Èmi, ọmọ Gánà kan àti obìnrin ará Jàmáíkà kan la jọ ń jẹun. Akọ̀ròyìn wá bá wa, ó ní ṣé ibẹ̀ là ń ṣiṣẹ́ ni. Mo na káàdì ọrùn mi sí i. Nínú ìròyìn tó kọ, àfi àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí kò tíì kúrò nílé ìyá wọn. Inú bí mi gan-an. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn ni Nnedi Okorafor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ígbò, gba Hugo. Ní 2019, Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tiwa, gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke, tí wọ́n ń fún ìwé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, fún ìtàn tó gbé kalẹ̀ sí Nàìjíríà.

—

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin méjèèjì: mo ti ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn rí. Kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì lọ sí irú àpéjọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi ti kọ àkọlé sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fọ́tò kan àti ọ̀rọ̀ 200 kó tó di aago mẹ́ta. Aago kan ni mo débẹ̀. Mo ya ọmọbìnrin kan tó so ìyẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, mo kọ ọ́ pé inú àlá ló ń gbé. Ó kọ̀wé sí mi lẹ́yìn náà pé ìwé tóun kọ lòun wá kà fún èrò lọ́jọ́ yẹn, àti pé n kò tiẹ̀ kọ orúkọ òun bó ṣe yẹ. Mo tọrọ àforíjì. Kò fèsì.