Ọkọ̀ Amistad: báwo ni kí n ṣe fi kọ́ àwọn ọmọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. A fẹ́ kó àwọn ọmọ Yorùbá tí mò ń kọ́ ní Connecticut lọ wo ẹ̀dà ọkọ̀ onígbòkun Amistad, èyí tí wọ́n kàn ní Mystic, tí wọ́n gbé sómi ní 2000. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á rò pé Amistad àtijọ́ ló kó ẹrú láti Áfíríkà la òkun já. Rárá o! Ọkọ̀ mìíràn, Tecora, ló kó àwọn ẹrú náà dé Cuba. Etíkun ibẹ̀ ni Amistad ń ná, kí Sengbe Pieh, olórí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, àtàwọn ará Mende ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Sierra Leone tó fipá gbà á ní 1839. Ìgbòkun á dùn mọ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ (èmi náà ńkọ́!), ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 8 wà nínú wọn. Ṣé kí n ti sọ ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nínú kíláàsì ni, àbí ó di inú ọkọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.