Lórí «agbára orí Ẹ́tánẹ́ẹ̀tì»: orúkọ tó sọ bóyá súwíìṣì ń béèrè

Ẹ̀yin tèmi, ọ̀kún o.

Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún nǹkan ẹ̀rọ, Bàbá Tísà dábàá pé kí á máa pe PoE (Power over Ethernet), ìyẹn iná tó ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, ní «agbára orí Ẹ́tánẹ́ẹ̀tì». Àǹtí wa ní Ìsánlú ní ó gùn jù, pé «wáyà oníná» ti tó. Bàbá, ẹ má bínú sí mi: kò sẹ́ni tó ń pe ohun tí NẸ́PÀ ń mú lọ ní agbára. Iná ni. Tí oníṣẹ́ bá ní Wi-Fi yín lágbára, bó ṣe ń yára ló ń sọ, ẹni tó bá sì gbọ́ orúkọ tiyín á rò pé íntánẹ́ẹ̀tì òun ló fẹ́ yára sí i.

Ti Àǹtí náà lódì sí ìyẹn. Ní Kàbbà níbí, ẹ ní wáyà kan «níná», kíá ni wọ́n á fa ọmọdé sẹ́yìn. Fólítì 44 sí 57 ló máa ń wà nínú wáyà PoE, kì í ṣe 230 ti ara ògiri. Kì í ṣe ohun ìṣeré, àmọ́ kí orúkọ má lé àwọn ará ilé sá. Súwíìṣì kan (àpótí tí wọ́n ń so àwọn wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́, kì í ṣe ti ara ògiri) lórí ínfátà, gbogbo kámẹ́rà àti Wi-Fi ilé ló ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí iná bá lọ. Ta ni kò fẹ́ ìyẹn ládùúgbò wa?

Ohun tí orúkọ méjèèjì fi sílẹ̀ ló ń dùn mí. Súwíìṣì tó tẹ̀ lé ìlànà IEEE 802.3af, tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbé kalẹ̀ fún PoE lọ́dún 2003, kì í ṣàdédé tú iná sílẹ̀. Iná kékeré tí kò tó fólítì 11 ló kọ́kọ́ ń rán lọ, kó fi wò bóyá rẹ̀sísítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná kù) tó tó nǹkan bí 25,000 ohm wà lódìkejì. Tó bá bá a níbẹ̀, á mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń retí iná ni, á wá fún un. Ìdí nìyẹn tí láàpútọ́ọ̀pù fi lè wọ ihò kan náà láìjóná.

Òmíràn wà lọ́jà, pàápàá àpótí kékeré tó ń bá ẹ̀rọ Wi-Fi orí òpó wá. «Passive» ni wọ́n kọ sí i lára. Ìyẹn kì í béèrè. Fólítì 24 tàbí 48, ó ti tú u síta, bóo fẹ́ bóo kọ̀. Mo ti rí kámẹ́rà tí wọ́n fi irú ẹ̀ sí: ihò RJ45 rẹ̀, ibi tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ̀, dúdú, ó ń rùn bí ike jíjó, ẹni tó tà á sì ń sọ pé «PoE náà ni gbogbo wọn». Ẹ gbọ́ ọ? Orúkọ kan fún nǹkan méjì ló dá a sílẹ̀.

Nítorí náà, tèmi ni «iná abéèrè» fún ti àkọ́kọ́, «iná àìbéèrè» fún èkejì. Àbúrò tó mú «agbénágbọ́rọ̀» wá gbìyànjú, ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n etí á gbọ́ ọ bí «gbọ́ ọ̀rọ̀», bẹ́ẹ̀ ìkan péré nínú àwọn méjèèjì ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀. (Ọ̀rọ̀ «súwíìṣì» ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.)

Fún «power budget», ìyẹn àpapọ̀ iná tí súwíìṣì lè pín fún gbogbo ihò rẹ̀, mo fara mọ́ «ìṣúná wáàtì». Wáàtì 15.4 ni ihò kan lè fúnni lábẹ́ ìlànà 2003, 30 lábẹ́ 802.3at ti 2009. Àmọ́ ẹ lè ra súwíìṣì oníhò 8 tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 60 lọ. Ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó so kámẹ́rà tí mọ́tò inú rẹ̀ ń yí kiri mọ́ ọn.

Wáyà tí wọ́n kàn fi bàbà bo álúmíníọ̀mù inú rẹ̀ ńkọ́? Ó ń gbóná ju ojúlówó bàbà lọ, «original» sì làwọn ọlọ́jà ń pè é. Tani ní orúkọ fún ìyẹn? Mo ń ronú «bàbà abojú», kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.