Báwo ni àwọn obìnrin ààfin Japan ṣe ń to àwọ̀ aṣọ wọn láyé Heian?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àwòrán Ayaba Masako níbi ayẹyẹ ìgorí-ìtẹ́ ọkọ wọn, Ọba Naruhito, lóṣù October 2019, nínú jūnihitoe, ìmúra alákànpọ̀ tó ti wà láti ayé Heian (794 sí 1185). Bí aṣọ òkè bá ti bo ìyókù, kí ni wọ́n ń yan àwọ̀ abẹ́ fún? Ṣé ẹni tí aṣọ pọ̀ lára rẹ̀ jù ni ipò rẹ̀ ga jù?

Ìdáhùn kìíní
Aṣọ òkè kì í bo ìyókù tán. Ti abẹ́ máa ń yọ díẹ̀ ju ti òkè lọ, tí gbogbo àwọ̀ á fi hàn ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn, létí apá àti nísàlẹ̀. Lórí kosode, ìyẹn aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀, àti ṣòkòtò hakama tó ń wọ́ nílẹ̀ ni hitoe tí kò ní láìnì máa ń wà, kí aṣọ márùn-ún tí wọ́n ń pè ní itsutsuginu tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà aṣọ uchiginu tí wọ́n ti lù títí tó fi ń dán, aṣọ uwagi, àti ẹ̀wù karaginu kúkurú lókè pátápátá.

Ìgbà ọdún ló ń darí àwọ̀. Bí àpẹẹrẹ, àkànpọ̀ àwọ̀ tí wọ́n fi òdòdó igi ume pè, tó funfun lóde tí láìnì rẹ̀ sì pupa, ìgbà òtútù títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Murasaki Shikibu, obìnrin òǹkọ̀wé tó sìn láàfin nígbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọ̀ etí apá aṣọ obìnrin kan kù díẹ̀ káàtó, àwọn ìjòyè sì rí i nígbà tó lọ síwájú ọba. Bẹ́ẹ̀, àwọ̀ kan péré ló ṣá díẹ̀.

Ìdáhùn kejì
Ní ti ipò, àwọn tó ń sin ayaba ló gbọ́dọ̀ wọ karaginu níwájú rẹ̀ láti bọ̀wọ̀ fún un. Aṣọ ayaba fúnra rẹ̀ lè fúyẹ́ ju tiwọn lọ. Inú àwọ̀ ni ipò wà. Láti ọdún 820 ni àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní kōrozen, tí wọ́n ń fi igi haze àti igi suō rẹ, ti jẹ́ ti ọba nìkan. Alárò ni mí, èyí tó wú mi lórí jù ni elése àlùkò wọn: gbòǹgbò ewéko murasaki ló ń mú un wá, eérú igi tsubaki ni wọ́n sì fi ń jẹ́ kí ó mú aṣọ. Àwa náà kò lè rẹ aró láìsí omi eérú.

Ìdáhùn kẹta
Mo fẹ́ fi kún ti ẹni àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni àwọn obìnrin wọ̀nyí sábà máa ń jókòó, wọn a sì ti etí apá aṣọ wọn jáde lábẹ́ rẹ̀, tàbí lára kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò rí ju etí apá yẹn lọ, òun ni wọ́n sì fi ń mọ bí ẹni tó wà nínú ilé ṣe mọ aṣọ yàn tó.